Àpò yanrìn bàbá mi àti ìpolówó alágbàtà tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ṣùgbọ́n Chicago ni mo ti ń gbé láti ọdún 2009. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó dúró ti oko kòkó bàbá wa, ló ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn yín, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìpolówó ni. Àwọn tó gbé e jáde ní alágbàtà futures ni àwọn. Wọ́n ní kí èèyàn fi 500 dọ́là sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kó máa gba 50 dọ́là lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pé kòkó tí àwa Yorùbá ń gbìn ni àwọn ń rà tí àwọn ń tà ní New York. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì kò sí. Orúkọ àjọ tó fún wọn níwèé àṣẹ kò sí. Àbúrò mi kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà kúkú ń ṣe é. Ṣé kí n ṣe é?"

Ẹ̀rù bà mí, olóòtú. Ìwé ìròyìn tí bàbá wa máa ń kà sókè fún wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ìpolówó yìí ti jáde, torí náà lójú àbúrò mi, ẹ̀yin ti yẹ̀ ẹ́ wò tán nìyẹn.

Òótọ́ ló sọ, mo ń ṣe é. Láti ọdún 2020 ni mo ti ń ra futures tí mo sì ń tà á pẹ̀lú owó ara mi, díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èrú, kì í sì í ṣe tẹ́tẹ́ bí ẹni tó ń ṣe é bá mọ ohun tó ń ṣe. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: èèyàn méjì ni wọ́n ń ṣàdéhùn iye ọjà kan lónìí, wọ́n wá fi ọjọ́ tí wọn yóò gbà á tàbí tí wọn yóò ṣírò rẹ̀ síwájú. Àwọn oníṣòwò ọkà ní Chicago níbí ni wọ́n dá ilé ọjà tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1848, Chicago Board of Trade. Ilé gíga rẹ̀ ló dúró ní ìparí òpópónà LaSalle, tí ère abo òrìṣà ọkà kan tí kò lójú tí kò nímú wà ní orí òrùlé rẹ̀. Mo máa ń rí i bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Kòkó ní tirẹ̀, New York ni wọ́n ti ń ná an, ní ọjà tó ń jẹ́ ICE. Epo rọ̀bì wà, wúrà wà, ìwọ̀n ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní S&P wà.

Ṣùgbọ́n èmi tàbí ìwọ ò lè dá rìn wọ inú ọjà yìí. Alágbàtà ló máa mú wa wọlé. Òun ló ń gba àṣẹ wa lọ síwájú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń gbà wọlé sí ibi tí owó wa wà. Nítorí ẹ̀ ni mo fi jókòó kọ lẹ́tà gígùn yìí ní ọjọ́ ìsinmi mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, àwọn tó ń ra kòkó ní ọ̀dọ̀ wa a máa gbé ìwọ̀n tiwọn wá. Ìwọ̀n agbékọ́ ni, wọ́n á so ó mọ́ àjà sítọ́ọ̀, àpò kòkó á máa fì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi ní àpò kékeré kan tó rọ yanrìn sí. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn gírédà ìjọba pé kí wọ́n bá òun wọ̀n ọ́n. Wọ́n bù ú kúrò, wọ́n bù ú kún, títí ó fi dúró sórí kílò mẹ́wàá géérégé. Ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu rẹ̀ pa, ó fi ọ̀dà pupa kọ 10 sí i lára. Èmi ni mo máa ń rù ú tẹ̀ lé e. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ òǹrajà, bàbá mi kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ iye owó. Á kí wọn, á sọ àpò yanrìn kalẹ̀ lórí mi, á sì fi kọ́ ìwọ̀n wọn. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n dúró sórí mẹ́jọ. Òǹrajà yẹn ló sì ń san owó tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo àdúgbò. Bàbá mi yọ àpò rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí padà, ó ní, "Ẹ ṣeun o." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. A ru kòkó wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí owó tirẹ̀ kéré sí i.

Ó yẹ kí n rántí ìrìn yẹn lọ́dún 2020. N kò rántí rẹ̀.

Brọ́dà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe alágbàtà àkọ́kọ́ fún mi. N kò ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tó fà mí mọ́ra ni pé owó ìdúró wọn kéré. Owó ìdúró ni owó tí wàá fi lélẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó o di ọjà mú, òun ni àwọn oníṣòwò ń pè ní margin. Kọ́ńtíráàtì kékeré kan wà lórí S&P tí wọ́n ń pè ní Micro, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 fún àwa tí owó wa ò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹyọ kan rẹ̀ sùn di ọjọ́ kejì, ilé ọjà fúnra rẹ̀ ń béèrè ju ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lọ nígbà náà. Alágbàtà mi ní 50 dọ́là ti tó, bí mo bá ti lè tà á kí ọjà tó sinmi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ojú rere ni wọ́n ṣe mí.

Ní ọjọ́ Ajé kan ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí gbèsè Evergrande, ilé-iṣẹ́ akọ́lé ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, ń da ọjà rú káàkiri ayé, mo dé láti ibi iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọjà ti já wálẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé á gòkè padà. 1,400 dọ́là ló wà nínú àpò mi lọ́dọ̀ wọn. Mo ra Micro mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò tí n kò ṣe lọ́jọ́ náà. Iye Micro kan ni S&P lọ́nà márùn-ún. S&P lé ní 4,300. Ẹyọ kan jẹ́ ẹrù tó lé ní 21,500 dọ́là, mẹ́rin lé ní 86,000. Èmi nọ́ọ̀sì tí oorun ń kùn lójú, mo fi 1,400 dọ́là gbé ẹrù 86,000 lérí. Bí S&P bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sún sẹ́yìn, 20 dọ́là ti lọ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo mu tíì, mo fa kọ́tíìnì, mo sùn.

Òùngbẹ ló jí mi lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Ímeèlì mẹ́ta ló ti dúró dè mí. Ọjà ti fi nǹkan bí 60 wálẹ̀ sí ibi tí mo ti rà á, owó mi ti dín kù sí 200, wọ́n sì ti ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lọ́wọ́ mi. Wọ́n gba 25 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún títà tí wọ́n bá mi tà á. Wọ́n yọ láádá tiwọn. Ó ku 96 dọ́là. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo fóònù bí ọjà náà ti ń gòkè padà. Kó tó di pé ó sinmi lọ́jọ́ yẹn, ó ti gba púpọ̀ nínú ohun tó sọnù padà, n kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo rà á, ẹ̀bi títà àti rírà náà tèmi ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín rí ohun tí owó ìdúró kékeré ṣe. Ká ní 1,200 dọ́là ni alágbàtà mi béèrè lórí ẹyọ kan, ọ̀kan ṣoṣo ni ǹ bá lè rà, 300 dọ́là ni ì bá lọ. 50 dọ́là ló jẹ́ kí n ra mẹ́rin. Alágbàtà ń gba láádá lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo rà, ó gbà á nígbà tí wọ́n tà, ó tún gba owó ìtanràn lé e. Kò sí ibi tí kò ti jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ń fi owó ìdúró kékeré pe yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: aago wo ni ẹ máa ń ta ọjà kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, ṣé ẹ máa ń pè é kí ẹ tó tà á, èló sì ni ẹ ń gbà fún un? Ẹ jẹ́ kó fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíkọ.

Mo fóònù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Orin ni mo gbọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe àwọn ló tà á, nítorí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ni owó mi wà. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ta wá ni?" Ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò gbọ́ rí. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń bá wọn ṣòwò!

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé oríṣi alágbàtà méjì ló wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ń wá oníbàárà, ń fún wọn ní app, ń dáhùn ìbéèrè. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó wọn. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní FCM, ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tí wọ́n máa ta ọjà rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí wọ́n jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n kí o mọ orúkọ èkejì kí o tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé owó futures ò dà bí owó báǹkì. Bí báǹkì bá wó lulẹ̀ níbí, ìjọba ti fọwọ́ sọ̀yà títí dé 250,000 dọ́là. Owó tó wà lọ́wọ́ alágbàtà futures kò ní irú ìdáàbòbò yẹn rárá. Ohun tí òfin sọ ni pé kí alágbàtà ya owó oníbàárà sọ́tọ̀, kó má ṣe pa á pọ̀ mọ́ owó ilé-iṣẹ́. Òfin náà dára. Bí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá rú u ńkọ́? Ní ọjọ́ 31, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ MF Global wó. Ẹni tó ti ṣe gómìnà New Jersey rí, Jon Corzine, ló ń darí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka owó àwọn oníbàárà, nǹkan bí dọ́là bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Àwọn àgbẹ̀ alágbàdo tí wọ́n kàn ń fi futures dáàbò bo irè oko wọn wà nínú àwọn tí owó wọn há síbẹ̀. Wọ́n rí i gbà padà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ọdún 2014 ni èyí tó kù tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àgbẹ̀ wo ló lè fi owó ajílẹ̀ dúró de ọdún 2014?

Èyí tó tẹ̀ lé e tún burú ju ìyẹn lọ. Ní Oṣù Keje ọdún 2012, wọ́n rí i pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Peregrine, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí PFGBest, ní ìlú Cedar Falls ní Iowa, ti ń jí owó oníbàárà fún bíi ogún ọdún. Russell Wasendorf ni orúkọ rẹ̀. Ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Fúnra rẹ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ayédèrú ìwé báǹkì. Bí àwọn tó ń ṣọ́ ọjà bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí báǹkì pé ṣé lóòótọ́ ni owó wà níbẹ̀, àdírẹ́sì àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ gbà ló ti fún wọn. Lẹ́tà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fi orúkọ báǹkì dá wọn lóhùn, á ní owó wà. Ìgbà tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ lẹ́tà mọ́, pé orí kọ̀ǹpútà ni báǹkì yóò ti máa dá àwọn lóhùn tààrà, ni àṣírí tú. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n jù ú sí lọ́dún 2013. Òun ló gbé ìwọ̀n wá, òun náà ló ń ka abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti tún ilé ṣe. Ojoojúmọ́ ni báǹkì ń fi iye tó wà nínú àpò àwọn oníbàárà ránṣẹ́ sí NFA láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ṣe é lọ́dọ̀ ẹni tí NFA mọ̀. National Futures Association ni àjọ náà ń jẹ́, Chicago níbí ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ CFTC ló sì ń ṣọ́ àwọn náà. Wọ́n ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní BASIC, ọ̀fẹ́ ni. O tẹ orúkọ alágbàtà sí i, o rí ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, irú àṣẹ tó ní, ẹjọ́ tí wọ́n ti bá a ṣe, ìtanràn tó ti san. CFTC náà ń gbé ìṣirò jáde lóṣooṣù, tó ń fi hàn bí owó ilé-iṣẹ́ FCM kọ̀ọ̀kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí. Nígbà tí mo wá tẹ orúkọ alágbàtà mi àkọ́kọ́ níkẹyìn, ẹ̀sùn méjì tí wọ́n ti san owó lé lórí ló wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kí n tó mọ̀ wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wíwá náà gbà mí. Odidi ọdún kan ni n kò fi ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Kí n sọ bí mo ṣe yan èkejì. Mo kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí àkọsílẹ̀ wọn mọ́ ní BASIC sẹ́yìn ìwé. Nítorí pé alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, tí ọjà yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo pè wọ́n ní aago méjì òru nígbà ìsinmi ráńpẹ́ mi ní ilé ìwòsàn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta bisikíìtì, mo tẹ nọ́ńbà tábìlì ìṣòwò wọn, kì í ṣe ti àwọn tó ń polówó. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ló sọ fún mi pé kí n padà wá láàárọ̀. Ti èkejì, orin. Ti ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbé e kí n tó ka ìgbà kẹrin tó dún. Mo béèrè pé bí fóònù mi bá kú tí mo sì di ọjà mú, ṣé ẹ lè bá mi tà á? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ iye tí wọ́n ń gbà fún un, ó sọ ohun tí wọn yóò béèrè láti mọ̀ pé èmi ni. Mo béèrè nípa owó ìdúró. Ó ní fún ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, òun ò gbà á nímọ̀ràn owó ìdúró kékeré ti ojúmọ́ kan, kí n fi odindi èyí tí ilé ọjà ń béèrè sílẹ̀. Alágbàtà tó sọ fún mi pé kí n rà díẹ̀! Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà títí di òní.

Láádá wọn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí láádá níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ìpolówó ń pariwo. Iye tí wọ́n ń kọ gàdàgbà, ìrìn lílọ nìkan ni. Ìrìn bíbọ̀, nígbà tí o bá tà á, ń bẹ. Owó ilé ọjà ń bẹ, sẹ́ǹtì méjì ti NFA ń bẹ, owó app àti owó wíwo iye ọjà lè wà. Ní oṣù kan lọ́dọ̀ alágbàtà àkọ́kọ́, mo lọ mo bọ̀ nígbà 212. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 54 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ sì lé ní 326 dọ́là. Èrè tí mo rò pé mo jẹ lóṣù yẹn jẹ́ 190. Ẹ lè ṣe ìyókù rẹ̀.

Kí n má gbàgbé app. Ní ọjọ́ 20, Oṣù Kẹrin, ọdún 2020, epo rọ̀bì tí wọ́n ń ná ní New York wálẹ̀ kọjá òdo, ó parí sí dọ́là 37 àti sẹ́ǹtì 63 nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó ní epo ni ó ń san owó kí wọ́n tó bá a gbé e. App alágbàtà ńlá kan ò lè ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Oníbàárà ń tẹ bọ́tìnnì láti tà, kò dáhùn. Lọ́dún 2021 CFTC bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ní kí owó tó lé ní mílíọ̀nù 82 dọ́là padà sọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Nítorí náà, ẹ bi alágbàtà pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ohun kan tó kù tí mo máa ń ṣe: mo fi 300 dọ́là sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, n kò rà, n kò tà, mo ní kí wọ́n dá 100 padà fún mi. Ọjọ́ méjì ni ó gbà kó tó wọ báǹkì mi. Ìgbà náà ni mo tó fi ìyókù ránṣẹ́. Àpò yanrìn tèmi nìyẹn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York, owó tí bàbá wa ò lálàá rẹ̀ rí. Kí ọdún 2025 tó parí ó ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ó rí i tó ń gòkè, ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń rò pé ẹni tó mọ igi kòkó dáadáa yẹ kó lè jẹ nínú rẹ̀. Ìwọ àbúrò mi, nítorí mo mọ̀ pé wàá ka lẹ́tà yìí: kọ́ńtíráàtì kòkó kan jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Nígbà tí iye rẹ̀ wà ní 12,000, ẹyọ kan ń jẹ́ 120,000 dọ́là. Bí iye tọ́ọ̀nù kan bá fi 100 dọ́là sún, 1,000 dọ́là ti wọlé tàbí ti jáde lórí ẹyọ kan, ó sì máa ń sún ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ògbólógbòó oníṣòwò kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí ilé ọjà sọ owó ìdúró rẹ̀ di gọbọi. Kò sí alágbàtà tó lè fi 500 dọ́là rẹ ra kòkó ní ICE. Ohunkóhun tó bá ń fi í ṣe, kì í ṣe èyí.

Mo ní kó béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NFA lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ìpolówó náà. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n fún un. Mo tẹ̀ ẹ́ sí BASIC: nọ́ńbà gidi ni, orúkọ gidi ni, àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù tó wà ní BASIC yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìròyìn yín. Mo pe èyí tó wà ní BASIC. Obìnrin tó gbé e ní àwọn ò polówó ní Nàìjíríà rí, àwọn ò sì í gba owó kírípítò, pé láti inú àpò báǹkì tó ń jẹ́ orúkọ oníbàárà fúnra rẹ̀ nìkan ni àwọn ti ń gbowó. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe àwọn lórí ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ olórúkọ ni wọ́n fi ń jẹun.

Olóòtú, ẹ ò tíì gbàgbé CBEX, àwọn tó ń gba owó èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìlérí èrè ńlá. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni àwọn èèyàn ò rí owó wọn fà jáde mọ́, tí inú bí wọn ní Ìbàdàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì CBEX tí wọ́n ń kó ẹrù inú rẹ̀. Ọdún kan náà ni òfin tuntun lórí ìdókòwò jáde ní Nàìjíríà, tó fi ẹ̀wọ̀n sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀. Àjọ SEC tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní Àbújá ní orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ. Ilé ọjà ìpín tiwa ní Èkó náà ti bẹ̀rẹ̀ futures tirẹ̀ láti ọdún 2022, kò sì sí ẹni tó ní kí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó tó dé ọ̀dọ̀ alágbàtà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gba owó ìpolówó alágbàtà kankan, ẹ ní kó mú nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ wá, kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín fóònù àjọ tó fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí. Ẹ tẹ nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà sínú ìpolówó kí gbogbo èèyàn rí i.

Àbúrò mi ò tíì fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin orí WhatsApp yẹn ń pè é láràárọ̀, ó ń pè é ní "bọ̀ọ̀dá mi", ó sì ti fún un di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ kí àǹfààní náà tó kọjá. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á gbà. Bí ìyẹn bá tún pè é, ọkàn rẹ̀ á tún yí padà, torí ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn bàbá wa wúwo lójú rẹ̀ ju ohùn mi lọ. Mo mọ̀ pé ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìròyìn yín máa ń dé Ìdànrè. Bí àyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí sínú ti ọ̀sẹ̀ yìí, ní ojú ìwé kan náà tí ìpolówó yẹn wà.

Èmi ni tiyín,

Ìyá Ìbejì,
Chicago, Illinois, Amẹ́ríkà